Wáyà Já, Wáyà Kanra, Wáyà Há: Èdè-Ìperí tí Iṣẹ́ Kámẹ́rà Aṣọ́lé Ń Bèèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí mu gan-an ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ́ pé orí tábìlì nìkan ni a ti sọ ọ́ lórúkọ, tí ẹni tí ó sọ ọ́ kò wo ilé tí ọ̀rọ̀ náà yóò máa gbé, kì í pẹ́ kú. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn olùkọ́, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn onímọ̀ èdè ya ẹsẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbé kámẹ́rà aṣọ́lé kọ́ ara ilé àti ara ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ tí ó ti gbilẹ̀ ní àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá lónìí. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àbùkù bá bá iná tàbí wáyà kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ẹnu wọn kì í sábà tó láti fi wá àbùkù náà rí. Kì í ṣe pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a di ẹrù púpọ̀ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ Kan, Ẹrù Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ náà ni iná. Iná ni ó ń jó igbó. Iná ni a ń tàn lálẹ́. Iná kan náà ni NEPA ń mú lọ tí ó sì ń mú wá. Àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 ni NEPA. A yí orúkọ rẹ̀ padà sí PHCN ní 2005, a sì tú u ká tí a ta àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní 2013. Ṣùgbọ́n ní ẹnu àwọn ènìyàn, NEPA kò tíì kú, iná náà sì ni iná ń jẹ́. Èyí kò léwu nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ẹni tí ó ń sọ pé iná ti dé kò ní ohun mìíràn láti fi kún un.

Ní ibi iṣẹ́ kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé iná kò dé ẹnu kámẹ́rà, ó lè jẹ́ pé kò sí ohun kan tí ó dé ibẹ̀ rárá. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ń tì í kò lágbára tó. Ó tún lè jẹ́ pé orísun kò lè pèsè iye tí kámẹ́rà ń bèèrè. Àbùkù mẹ́ta ni èyí, ìwòsàn wọn kò sì jọra. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Àbùkù mẹ́ta tí ó ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo kò ní ìjánu.

Omi inú táǹkì tí ó wà lórí ilé lè fi ìyàtọ̀ náà hàn. Gíga tí táǹkì náà ga ni ó ń ti omi wá sí ìsàlẹ̀. Iye omi tí ó ń kọjá nínú páìpù ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ohun ọ̀tọ̀. Bí páìpù náà ti tín-ín-rín tó, tí ó sì gùn tó, ni yóò ṣe máa dí omi lọ́wọ́. Ní ti iná mànàmáná, a lè pe ohun tí ń tì í ní ìtaari, kí a sì máa fi fóltì wọ̀n ọ́n. Iye tí ó ń kọjá ni ìṣàn, èyí tí a ń fi áńpíà wọ̀n. Ohun tí wáyà fi ń dá a dúró ni ìdíwọ́, èyí tí a ń fi ọ́ọ̀mù wọ̀n. Bí a bá sọ ìtaari di púpọ̀ ní ìlọ́po ìṣàn, agbára ni yóò jáde, wáàtì sì ni ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí èyí tí ọmọ iṣẹ́ kò mọ̀ láti ilé. Ohun tí ó kù ni kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí èkejì má sì gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kámẹ́rà tí Ń Kú Lálẹ́

Kí a lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wúlò fún, ẹ gbé àpẹẹrẹ yìí yẹ̀ wò. Kámẹ́rà kan wà ní ẹnu géètì. Fóltì 12 ni ó ń lò, orísun iná rẹ̀ sì wà nínú ilé, ní mítà 60 sí ibẹ̀. Wáyà bàbà tí ó so wọ́n pọ̀ tín-ín-rín. Irú èyí tí àwọn oníwáyà ń pè ní 0.5 ni. Nítorí pé iná ní láti lọ kí ó sì padà, mítà 120 ni ìrìn àjò rẹ̀, ìdíwọ́ gbogbo ọ̀nà náà sì tó bí ọ́ọ̀mù 4. Lọ́sàn-án, kámẹ́rà náà kò gbà ju áńpíà 0.25 lọ. Ìlọ́po 0.25 àti 4 jẹ́ 1. Nítorí náà fóltì 1 ni ó sọnù lójú ọ̀nà, 11 ni ó sì dé ẹnu kámẹ́rà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kámẹ́rà yóò tan àwọn gílóòbù kéékèèké rẹ̀, àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn kò hàn sí ojú ènìyàn ṣùgbọ́n tí ó fi ń ríran nínú òkùnkùn. Ìṣàn yóò wá gòkè sí áńpíà 0.6. Ìlọ́po 0.6 àti 4 jẹ́ 2.4. Fóltì 9.6 péré ni ó kù fún kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà irú èyí kò fẹ́ kí ìtaari lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá lọ, èyíinì ni pé kò gbọdọ̀ kéré sí 10.8. Kámẹ́rà náà yóò kú. Bí ó bá ti kú, ìṣàn á dáwọ́ dúró, àdánù á di òfo, ìtaari á sì padà sí 12. Kámẹ́rà á jí, á tan àwọn gílóòbù rẹ̀, á sì tún kú. Báyìí ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí oníṣẹ́ bá dé ní ọ̀sán, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ kò sì ní ẹ̀sùn kankan. Olè kì í sì í dúró de ọ̀sán.

Ohun tí oníṣẹ́ náà sábà máa ń ṣe ni pé yóò yọ wáyà kúrò lẹ́nu kámẹ́rà, yóò fi mítà sí i, yóò sì rí 12. Yóò ní, “Iná pé.” Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí kámẹ́rà kò sí lẹ́nu wáyà, kò sí ìṣàn; níbi tí kò sí ìṣàn, kò sí àdánù. Bákan náà ni páìpù tí ìdọ̀tí fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pa: bí a bá pa ẹ̀rọ omi, omi inú rẹ̀ yóò dúró gbagidi lẹ́nu ẹ̀rọ bí ẹni pé páìpù kò ní àrùn. Ìgbà tí a bá ṣí i ni a tó mọ̀. Oníṣẹ́ tí kò mọ̀ èyí yóò dá kámẹ́rà lẹ́bi, oníle yóò ra òmíràn, òmíràn náà yóò sì kú ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àbùkù Kẹta Kò Ní Orúkọ

Èdè àwọn oníṣẹ́ ní orúkọ fún àbùkù wáyà méjì. Bí wáyà bá gé, wọ́n ní wáyà já. Bí èyí tí kò yẹ kí ó fara kan èkejì bá fara kàn án, wọ́n ní wáyà kanra, tàbí kí wọ́n ní ó bíríìjì. Méjèèjì ni ó ní orúkọ nítorí pé méjèèjì ni ojú lè rí: èkíní kò mú iná wá rárá, èkejì a máa ta iná pàrà, a sì máa jó fíúsì. Ṣùgbọ́n wáyà ti kámẹ́rà ẹnu géètì yẹn kò já, kò sì kanra. Ọ̀nà inú rẹ̀ ni ó há. Àbùkù yìí ni ó ń tan oníṣẹ́ jẹ jù, òun náà sì ni kò ní orúkọ.

Orúkọ tí ó yẹ ẹ́ kò jìnnà. Wáyà há ni kí a máa pè é. Ọ̀rọ̀ náà kúrú bí já, ó bá já àti kanra dọ́gba, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní èkíní yóò sì mọ̀ pé nǹkan ń kọjá ṣùgbọ́n kò kọjá tó. Ìtaari tí ó sọnù nítorí híhá yìí ni àdánù ojú ọ̀nà. Oríṣiríṣi nǹkan ni ó ń mú wáyà há. Ó lè tín-ín-rín jù fún bí ó ti gùn tó: bí a bá fi wáyà 1.5 rọ́pò 0.5 nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, ìdíwọ́ yóò lọ sílẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, kámẹ́rà yóò sì ní bí fóltì 11.2 lóru. Ó lè jẹ́ ayédèrú, tí ó jẹ́ pé bàbà kàn bo ara rẹ̀ ni, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Irú èyí a máa ní ìdíwọ́ tó bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti bàbà gidi. Bí a bá fi ọ̀bẹ fá a, inú rẹ̀ yóò funfun. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni oríkèé wáyà: ibi tí a ti lọ́ wáyà méjì pọ̀, tí a fi téèpù wé, tí òjò sì ti ń wọ̀ ọ́ títí ó fi yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé.

Orúkọ tí kò bá ojú mu a máa ṣe ibi ju àìlórúkọ lọ. Ní ìgboro, bí gílóòbù bá ń tàn bàìbàì, wọn a ní “háàfù kọ́rẹ́ǹtì” ni wọ́n mú wá. Ohun tí ó lọ sílẹ̀ ni ìtaari, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún un ń sọ pé ìṣàn ni ó dín sí ìdajì. Nínú gílóòbù àtijọ́, méjèèjì jọ máa ń lọ sílẹ̀ ni, nítorí náà orúkọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú wọn tí ń gbìyànjú láti rí iye agbára kan náà gbà nígbà gbogbo. Bí ìtaari bá dín, yóò fa ìṣàn púpọ̀ sí i. Ìṣàn tí ó pọ̀ sí i yóò mú kí àdánù ojú ọ̀nà tún pọ̀ sí i. Ọmọ iṣẹ́ tí ó gba háàfù kọ́rẹ́ǹtì gbọ́ yóò máa wá ìṣàn tí ó dín níbi tí ìṣàn ti ń pọ̀.

Ìlànà Wíwá Àbùkù

Bí igi bá wó lu igi, ti òkè ni à ń kọ́kọ́ gbé. Èkíní, kí oníṣẹ́ wọn ìtaari ní orísun, nígbà tí gbogbo kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Èkejì, kí ó wọn ìtaari lẹ́nu kámẹ́rà, láìyọ kámẹ́rà kúrò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, kí ó bo ojú tí kámẹ́rà fi ń mọ òkùnkùn, kí àwọn gílóòbù rẹ̀ lè tàn. Ìwọ̀n òru ni yóò rí gbà. Ẹ̀kẹta, kí ó yọ ìwọ̀n kejì kúrò nínú ti èkíní: ohun tí ó kù ni àdánù ojú ọ̀nà. Bí àdánù náà bá bá gígùn àti ìnípọn wáyà mu, wáyà nìkan ni ó tín-ín-rín jù. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oríkèé kan ń bẹ ní ibì kan tí ó há, kí ó máa tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ̀kẹrin, bí ohun gbogbo bá ṣú u lójú, kí ó gbé kámẹ́rà lọ sí ìdí orísun, kí ó fi wáyà kúkúrú sí i. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kámẹ́rà kò jẹ̀bi.

Gbogbo ìlànà yìí ni a fi Yorùbá sọ, kò sì sí ibi tí a ti lè fi ọ̀rọ̀ náà iná nìkan sọ ọ́ kí ó yé ènìyàn.

Ọ̀ràn ilẹ̀ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn kámẹ́rà tí ń fi wáyà oníbàbà kan láàárín gbé àwòrán, ìlà tàbí ọ̀já òjìji a máa gun ojú àwòrán lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ a ní iná ni ó ń wọ inú àwòrán. Òótọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kámẹ́rà fara kan ilẹ̀ níbi òpó irin tí a gbé e kọ́, ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán sílẹ̀ náà sì fara kan ilẹ̀ nínú ilé, ilẹ̀ méjèèjì kò sì dọ́gba ní ìtaari. Ìṣàn ń gba ara wáyà àwòrán kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Ilẹ̀-méjì ni orúkọ tí ó yẹ àbùkù yìí. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ náà yóò mú ara kámẹ́rà kúrò lára irin, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ tí ń ya ilẹ̀ nípa sí ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń pè é ní iná lásán a máa gé wáyà-ilẹ̀ ẹ̀rọ náà dànù. Àwòrán yóò mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí iná fóltì 230 bá jò sára ẹ̀rọ náà, ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án ni yóò di ọ̀nà tí iná yóò gbà délẹ̀.

Àwọn kámẹ́rà ìgbàlódé tí wọ́n ń gba iná àti àwòrán nínú wáyà kan náà, èyí tí okùn mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, tún fi ìwúlò ọ̀rọ̀ wọ̀nyí hàn. Ìlànà tí àjọ IEEE gbé jáde ní 2003 fi wáàtì 15.4 sí ẹnu orísun, ó sì fi 12.95 sílẹ̀ fún ohun èlò tí ó wà ní ìkángun. Wáyà náà kò sì gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ. Kí ni ìdí tí ìtaari ibẹ̀ fi sún mọ́ fóltì 48, tí kì í ṣe 12? Ẹni tí ó ti mọ ìtaari, ìṣàn àti agbára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè dáhùn fúnra rẹ̀. Wáàtì 12 ní fóltì 12 ń béèrè áńpíà 1. Ní fóltì 48, áńpíà 0.25 tó o. Bí ìṣàn bá ti dín sí ìdá mẹ́rin, àdánù ojú ọ̀nà náà dín sí ìdá mẹ́rin.

Àtakò Méjì

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú fi fóltéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì sílẹ̀ bí àwọn oníṣẹ́ ti ń pè é. Apá kan nínú àbá yìí tọ̀nà. Fóltì, áńpíà, wáàtì àti ọ́ọ̀mù kò yẹ kí a túmọ̀, nítorí pé orúkọ ènìyàn ni wọ́n: Alessandro Volta ará Ítálì, André-Marie Ampère ará Faransé, James Watt ará Sikọ́tíláǹdì, àti Georg Ohm ará Jámánì, ẹni tí ó tẹ òfin ìdíwọ́ jáde ní 1827. A kì í túmọ̀ orúkọ ẹni. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń wọ̀n yàtọ̀ sí ohun tí à ń fi wọ̀n ọ́n. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ tí a yá láìyá ìtumọ̀ rẹ̀ lè máa gbé inú ìlú fún ọdún gbọọrọ, kí ó sì máa kọ́ni ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ìtaari àti ìṣàn tí yóò pe ọ̀kan ní èkejì.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìperí ṣàlàyé ohun gbogbo tán, tí wọ́n sì máa ń so ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún pọ̀ di ẹyọ kan. Ó dára nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí àkàbà, tí ó fi ọwọ́ kan di òpó mú, ni yóò ké sí ẹni tí ó di mítà mú nísàlẹ̀. “Ìtaari mélòó?” ni ó lè ké. “Wáyà há!” ni ó lè ké. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá lè ké láti orí àkàbà kò ní bá oníṣẹ́ délé. Ó yẹ kí ìdánwò yìí wà lára àwọn ìdánwò tí à ń fi yẹ ọ̀rọ̀-ìperí wò.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ohun èlò tí wọ́n ń lò títí di òní. Ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni méjèèjì bá lọ. Ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lórí àkàbà kò sí ní ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni òun náà, ọ̀gá rẹ̀ sì ni olùkọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe àtòjọ ọ̀rọ̀-ìperí kọ́kọ́ jókòó ti àwọn oníṣẹ́, kí wọ́n kọ já àti kanra sílẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí wọ́n sì wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ti ṣẹ̀dá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tuntun náà padà lọ fún wọn, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó mú ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ dé ibi tí àbùkù wà. Bí kò bá mú un débẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ nù láìka bí ó ti dùn tó létí sí. Bí ó bá mú un débẹ̀, oníle kan yóò wà tí kò ní ra kámẹ́rà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọmọ iṣẹ́ kan yóò sì wà tí kò ní gé wáyà-ilẹ̀ dànù.